Ìgò Ìbídùn

Ọjọ́ Ajé, 2 Júùnù, 1952
Lẹ́tà dé láti Kánsù. Òǹtẹ̀ mẹ́ta, gbólóhùn méjì. Ará ìlú ń kígbe pé dìsípẹ́ńsà wa ń lé aláìsàn padà. Kí èmi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, lọ jókòó sílé oògùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n wo bó ṣe ń tọ́jú èèyàn, kí n sì sọ bóyá kí wọ́n yọ ọ́. "Ẹni iyì jù lọ" ni wọ́n pè mí. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà nílé. Òní ni wọ́n rántí iyì mi.
Fàlílù ni dìsípẹ́ńsà náà. Mo kọ́ ọ ní 1929 — orí rogodo, ẹsẹ̀ tín-ín-rín.

Ìṣẹ́gun, 3 Júùnù
Aago méje. Mo ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Kálukú gbé ìgò tí yóò fi gba oògùn dání — ìgò ọtí, ìgò epo, ìgò oyin. Fàlílù jáde: kóòtù funfun, rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà rọ̀ lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìjòyè. Kò gbọ́ àyà ẹnì kankan. Imú ló ń kì bọ ẹnu ìgò. "Èyí ń rùn. Ẹ lọ fọ̀ ọ́." Ẹni mẹ́jọ ló dá padà kí aago mẹ́sàn-án tó lù.
Rùkáyátù, ará Ìjòkó, pọn ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná janjan. Ìgò rẹ̀ ń rùn fún karosíìnì. "Ẹ ṣàánú mi, Dókítà, ọ̀nà jìn." Ọba Ìgò — orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn — ti pe ẹni tó kàn.
Bàbá Ṣùáíbù agégi kò fi bò: "Ìgò lọkùnrin yìí ń tọ́jú, kì í ṣèèyàn!" Bẹ́ǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya fún ẹ̀rín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5 Júùnù
Rùkáyátù kò tíì padà wá.

Ẹtì, 6 Júùnù
Òjò. Mo rántí ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ — òrùlé bẹẹrẹ, agogo irin. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Ìbídùn ìyàwó mi á to ogójì ọmọ sórí ìlà, á fún wọn ní epo lárà. Ṣíbí kan ṣoṣo! Ẹni tó bá sunkún á lá oyin. Gbogbo wọn bá ń sunkún.
Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti lọ. Ìgò lọ́fíńdà rẹ̀ ṣì wà lórí àpótí aṣọ. Ó ti gbẹ tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ìdérí rẹ̀, àfi bíi pé Ìbídùn wọlé.

Àbámẹ́ta, 7 Júùnù
Mo parí ìròyìn. Ojú ewé mẹ́rin: kí wọ́n yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣùáíbù ni mo fi kádìí rẹ̀. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì fún ara mi. Èmi tí mò ń fi Kánsù ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 9 Júùnù
Ikọ́ ń ṣe mí. Mo gbé ìgò lọ. Fàlílù gbóòórùn rẹ̀. "Ẹ má bínú, Tíṣà. Karosíìnì ni. Ẹ lọ fọ̀ ọ́, sà."
"Yéè!" Bàbá Ṣùáíbù nìyẹn. "Wọ́n ti lé tíṣà lọ sílé!"
Mo gbaná jẹ. Mo bi Fàlílù pé ta ló kọ́ ọ níwà yìí.
"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ lé mi lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan nítorí èékánná dúdú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìdọ̀tí ń pààyàn."
Orí mi wú. Mo ti fẹ́ lọ ya ìròyìn mi. Mo kàn bi í pé ṣé omi wà nílé wọn nígbà náà.
"Omi kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀rùn ni, sà. Ẹ ò kúkú bi mí." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́.
N kò bi Rùkáyátù náà. Mo jókòó tì í, mò ń kọ̀wé.

Ìṣẹ́gun, 10 Júùnù
Mo gun kẹ̀kẹ́ dé Ìjòkó. Ọmọ Rùkáyátù wà láàyè — ó ti rù, ara ṣì gbóná. "Ìgò kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn, bàbá. Mo ti fi yanrìn fọ̀ ọ́ títí, òórùn ò lọ." Mo ní kó pàdé mi lọ́la, màá mú ìgò wá.
Mo délé. Tèmi náà ń rùn bíi tirẹ̀. Mo wo orí àpótí aṣọ.
Yanrìn, ọṣẹ dúdú, omi gbígbóná. Lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo jókòó.

Ọjọ́rú, 11 Júùnù
Mo ti fa ìròyìn ya. Tuntun rèé: "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fún un ní àmù omi kan àti ogún ìgò. Tíṣà rẹ̀ ló jẹ̀bi."
Ọba Ìgò ki imú bọ ìgò tí mo mú wá. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Ó mọ́, sà. Kò ní òórùn kankan."
Mo ní mo mọ̀.
Ó rọ oògùn sí i. Rùkáyátù fún ọmọ náà mu níbẹ̀. Ọmọ tọ́ ọ wò, ó figbe ta. Mo ti ki ọwọ́ bàpò kí n tó rántí pé Ìbídùn ló máa ń mú oyin dání.