Orúkọ Mọ́kànlélọ́gọ́ta ní Òde-Omi

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
Ọ̀gbẹ́ni Rúlà tún dé láti ọ́fíìsì afètò-ìlú. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ — rúlà kì í kúrò lápò rẹ̀. Ó tẹ́ àwòrán ìlú wa sórí tábìlì. Gbogbo etí omi Òde-Omi ti di àwọ̀ ewé. Hòtẹ́ẹ̀lì. Ibi ìgbafẹ́. Ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀, ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja — kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ kó wọn lọ, ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lórí. Mo bi í pé ta ló gbà. Ó ní ìlú ti gbà, mà. Ìlú wo?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Inú ń bí mi.

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Abígi, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀dà ìwé tí ìlú fi gbà. Akọ̀wé ní kí n padà wá lọ́la. Mo jókòó. Nígbà tó di agogo méjì, ó fà á lé mi lọ́wọ́.

Ìkọ̀wé ara mi ni mo bá níbẹ̀! Orúkọ mọ́kànlélọ́gọ́ta, àtàǹpàkò kálukú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, nísàlẹ̀ ìwé náà: Rachel, akọ̀wé ìpàdé. Ìpàdé oṣù Kẹjọ ni. Tíṣà ni mí, n kì í lè rí èrò kí n má kọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ojú ewé àkọ́kọ́, èyí tí mo kọ “Àwọn tó wá sípàdé” sí, ti pòórá. Wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: “Àwọn tó fara mọ́ àtúntò etí omi.” Ọwọ́ èmi ni wọ́n fi kó wa. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Mo bi Alága — Titus ọkọ mi, láti ìgbà tó ti di alága ìlú ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí. Kò sẹ́. Òun ló kó ìwé náà fún wọn. Ó ní gbogbo ọmọ ti sá lọ sí Èkó tán, hòtẹ́ẹ̀lì ló máa gbé iná àti títì wá. Mo ní ó dáa, èmi náà fẹ́ iná. Ilé ìkẹ́rù tó ti ya lulẹ̀ lójú títì ńkọ́? Ilẹ̀ méje tí igbó ti bò láàárín ìlú ńkọ́? Kí wọ́n kọ́ ọ síbẹ̀ kí wọ́n tó lé ẹni tó ń ṣiṣẹ́! Ó ní n kò mọ nǹkan kan nípa ìdàgbàsókè.

Oúnjẹ tèmi nìkan ni mo sè.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba ọ̀dọ̀ Asimawu lọ níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ẹja ló ń yí lórí iná. Mo sọ fún un. Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. “Tíṣà, ùwọ lo kọ orúkọ mi fún wẹn?” Mo ní èmi ni. Mo sunkún níbẹ̀, láàárín èéfín.

Lẹ́yìn náà ó ní kí n ka orúkọ náà sí òun létí. Mo dé nọ́ńbà kẹrìnlélógójì, mo fi ìka lé e. Ọ̀rẹ́olúwa. Ọmọ Gbémi ni, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà lọ́jọ́ yẹn! Mo kọ ọ́ nítorí pé ó wà níbẹ̀. Asimawu ló fi yẹ̀yẹ́ tẹ àtàǹpàkò ọmọ náà sí i. A wo ara wa. Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 15
Ilé méjìlélógún lónìí. Ẹsẹ̀ ń ro mí. N kò bẹ ẹnikẹ́ni, mo ṣàlàyé ohun tí wọ́n fi orúkọ wa ṣe ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21
Ìpàdé. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Rúlà ní ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ló fara mọ́ ọn. Mo dìde. Mo ní kó pe nọ́ńbà kẹrìnlélógójì, ká gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó pè é: “Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀rẹ́olúwa.” Gbémi gbé ọmọ oṣù mẹ́fà sókè. Ariwo!

Rúlà nu òógùn. Ó ní ó dáa, ká yọ ẹyọ kan, ó ku ọgọ́ta. Asimawu ti dìde. Ó ní kí wọ́n yọ tòun náà, ìpàdé lòun wá, òun kò ta etí omi fún wẹn. Ni wọ́n bá tò. Bírò pupa mi ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, kálukú ń fa ìlà sí orúkọ ara rẹ̀. Mo fa tèmi.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Ti Alága. Ó jókòó, ó ń wo bàtà rẹ̀. Rúlà ká ìwé náà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí orúkọ alága bá wà níbẹ̀, ètò kò tíì kú. Ìpàdé tún di ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́rú, 22
Mo se oúnjẹ ọ̀sán fún méjì. Èbà àti ẹja Asimawu. Mo gbé bírò àti bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ Alága, kó kọ ọ́ pé kí wọ́n yọ orúkọ òun. Ó bi mí pé bí òun kò bá kọ ọ́ ńkọ́. Mo ní lọ́jọ́ Ẹtì, wọn á ka orúkọ kan ṣoṣo yẹn, wọn á bi ìlú pé ta ló lòdì sí i. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ dìde, lójú gbogbo ayé, lòdì sí ọkọ mi.

Ó jẹun tán. Kò fọwọ́ kan bírò.

Mo ti fọ aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.