Otilia Barrientos, Ẹni Tó Gbẹ́ Ọwọ́ Hermila

Ìlú Pachuca ni a bí Màmá wa, Otilia Barrientos Luna, sí ní ọdún 1931. Awakùsà ni bàbá wọn, Don Crescencio. Ìyá wọn, Doña Eduviges, a máa ta támálì, oúnjẹ àgbàdo tí a ń fi ewé wé. Nígbà tí eruku kùsà ba ẹ̀dọ̀fóró bàbá jẹ́, ìdílé náà kó wá sí Ìlú Mẹ́síkò.

Ilé ìfọṣọ ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ àwòrán sára pákó, tí a ó fi tàdáwà kùn ún, tí a ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ní 1953, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, Fidencio Arce, awakọ̀ tíráàmù, tó máa ń kùn pé tàdáwà ti gba tábìlì oúnjẹ. Màmá kì í gbẹ́ ọ̀gágun tàbí òdòdó. Àwọn alágbàfọ̀ àti alágbàrù ni wọ́n ń gbẹ́, bí àárẹ̀ ṣe hàn lójú wọn gan-an.

Ní 1958, ẹ̀rọ tó ń fún aṣọ nílé ìfọṣọ gé ìka ọwọ́ òsì Àǹtí Hermila, ọ̀rẹ́ Màmá. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí ọ̀gá fi irin bo ẹnu ẹ̀rọ náà, kó má baà tún gé ẹlòmíràn. Ọ̀gá kọ etí ikún. Màmá bá gbẹ́ ọwọ́ náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri àdúgbò. Ni ọ̀gá bá bú sẹ́rìn-ín: "Ọwọ́ ọ̀tún lẹ gé níka níbí, ọ̀tún Hermila sì pé. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀!"

Ojú ti Màmá gidigidi. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kìíní mọ̀ ni wọ́n gbàgbé: ọwọ́ òsì tí a bá gbẹ́ sára pákó, ọ̀tún ló ń dà lórí bébà.

Àǹtí Hermila fúnra wọn ló wá sílé. "Otilia, ọwọ́ kan tó ṣẹ́ kù fún mi náà lo tún gé níka!"

"Jọ̀ọ́, má fi mí ṣẹ̀sín. Mi ò gbẹ́ nǹkan kan mọ́ láé."

"Ta ló bi ẹ́? Mú pákó mìíràn wá. Mo ti jókòó."

Tẹkúntẹ̀rín ni Màmá fi gbẹ́ èkejì. Nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ tán, Àǹtí Hermila dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfọṣọ, wọ́n na ọwọ́ òsì wọn sókè. Kò sí obìnrin tó wọlé ṣiṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, irin ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ.

Màmá kì í pa Máàsì ọjọ́ Àìkú jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ àwọn tó jókòó níwájú ni wọ́n máa ń yà nígbà ìwàásù. Wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Màmá fi wá sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1994 yìí. Graciela, Nabor àti Socorro ni ọmọ tí wọ́n fi sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ. Àárò wọn ti ń sọ wá. Àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ ní àwọn ni yóò gbé pósí lónìí. Remedios, ọmọ Àǹtí Hermila, tó wà nídìí ẹ̀rọ náà títí di òní, ni yóò ṣíwájú. Ìka gbogbo wọn ló pé.

Ẹ sinmi, Màmá. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó.