Mo Ti Fi Bírò Pa Ìgbésẹ̀ Kẹfà Yín Rẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi,

Gbogbo ilé ń kí yín o. Orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́.

Sáfà, ẹ̀rọ tó gbé ìkànnì iléeṣẹ́ wa dúró, dákú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀gá sì dá mi lẹ́bi. Irọ́ ńlá! Ìlànà tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ fún mi nígbà tẹ́ ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni mo tẹ̀ lé. Ìgbésẹ̀ kẹfà ní ká kó ètò orí ẹ̀rọ àtijọ́ sórí tuntun, ká má tún un tò. Ìgbà tí mo wá tún un tò ló tó dúró digbí. Mo ti fi bírò pa ìgbésẹ̀ yín rẹ́.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Ẹ pe ọ̀gá, kẹ́ ẹ sòótọ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Ọ̀gá ní kí n mú lẹ́tà àforíjì wá lọ́la. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí mo kọ nìyí.

Àbúrò yín obìnrin