Orin Ìkẹyìn Màmá Àgbà

Yàrá Ẹ̀yìn Ìtàgé,
Gbọ̀ngàn Orin,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ti dẹ́kun jíjẹ bàtà? Ara mi le, àfi ìdí tó ń ro mí. Ẹ máa tó gbọ́ ohun tó fà á.

Ẹ rántí eré olórin tí Màmá àgbà ṣe akọrin rẹ̀ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bàbá àgbà ló ń mójú tó aṣọ ìkélé nígbà náà. Wọ́n ní bí Màmá bá ti nu ojú lẹ́yìn orin ìkẹyìn, kí Bàbá tú okùn kí aṣọ wálẹ̀. Òógùn ni Màmá ń nù, orin ìkẹyìn ò tí ì bẹ̀rẹ̀, Bàbá tú u. Ọdún yẹn náà ni Màmá gbà láti fẹ́ Bàbá. Ó jọ pé wọ́n fẹ́ rí ẹni bá jà nítòsí ni.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un: àwọn oníwèé ìròyìn ní ìparí eré náà jinlẹ̀. Láti ìgbà náà, ibi tí Bàbá ti ṣàṣìṣe ni wọ́n ń parí rẹ̀ sí ní gbogbo àyájọ́.

Lọ́dún yìí, wọ́n pe Màmá fúnra wọn láti wá kọrin. Màmá bẹ olùdarí orin pé kó jẹ́ kí àwọn kọ orin ìkẹyìn. Ó ní, "Màmá, àṣà wa ni. A ò lè bà á jẹ́."

Màmá wá bá mi nídìí okùn, torí èmi ló ń tú u báyìí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ohùn yìí ò ní dúró dè mí di ọdún mìíràn." Mo ń tún okùn mi so. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, àṣẹ ni mò ń tẹ̀lé.

Nígbà tó tó àkókò, olùdarí gbọ́wọ́ sókè sí mi pé kí n tú u. Mo jókòó sórí okùn. Ó ń ju ọ̀pá rẹ̀ bí ẹni ń lé adìẹ. Èmi náà juwọ́ sí i.

Màmá bá gbé orin, àwọn nìkan. Afunfèrè àgbà tó wà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ gbà á, làwọn yòókù bá tẹ̀lé e. Olùdarí wẹ̀yìn, ó rí i pé kò sẹ́ni tó mira nínú gbọ̀ngàn, ló bá ń darí orin tí kò mọ̀. Ó ń tẹ̀lé wọn láti iwájú.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn yẹn ò tíì darúgbó! Nígbà tí Màmá parí, gbogbo gbọ̀ngàn dìde, àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Bàbá gun àga láàárín èrò. "Ìyàwó mi nìyẹn o!"

Màmá nàka sí mi, wọ́n ké sí Bàbá. "Ẹ wo ọmọ yín! Ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe ń jókòó sórí okùn?"

Olùdarí ti sọ fáwọn oníròyìn pé èrò òun ni. Mi ò bá a jiyàn.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti ajẹ-bàtà. Màmá ní kí n kí yín, Bàbá náà kí yín. Wọ́n ní ìjà ti tán, ilé wá dákẹ́ jù.

Èmi ni àbúrò yín tó mọ ìjókòó í jókòó,
Ajókòó-sókùn.