Orúkọ Tahir Kò Sí Níbẹ̀

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ìyànà Ìyẹsí, Ọ̀tà,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Karùn-ún, 2025.

Olúkẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìlọrin? Báwo ni ẹsẹ̀ Màmá, ṣé wọ́n ti ń rìn dáadáa? Baálé rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà láàyè, Alihamudulilahi, àmọ́ ojú wa rí nǹkan lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iná sọ ní ilé iṣẹ́ fóòmù tí Tahir ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó. Wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú fóònù wọlé níbẹ̀, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń gbà á. Mo pè é títí, kò lọ. Mo bá gun ọ̀kadà lọ. Àwọn ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà, èéfín dúdú bo gbogbo òkè. Ọ̀gá kan ń pariwo pé ká lọ wo orúkọ àwọn tí wọ́n ti kó jáde lórí ìkànnì ayélujára ilé iṣẹ́ náà.

Mo ṣí i. Orúkọ mẹ́tàdínlógún. Tahir kò sí níbẹ̀. Mo tì í, mo tún un ṣí, mẹ́tàdínlógún náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe títí wọ́n fi pe ìrun Alásàrí. Olúkẹ́mi, mo ti ń ronú ibi tí màá ti ra aṣọ funfun tí wọn yóò fi sin ín. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ibẹ̀ ni Jemimah, alájọgbé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ti wá mi rí. Ó gba fóònù mi, ó wò ó.

“Hajarat, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n kọ sórí èyí. Èyí tí fóònù rẹ kọ́kọ́ rí ló tọ́jú, òun náà ló ń gbé jáde fún ọ. Jẹ́ ká pa á rẹ́, kó lè lọ mú tuntun wá.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Má pa á rẹ́.”

Ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò. Bí tuntun bá jáde tí kò tún sí níbẹ̀, kí ló kù tí mo fẹ́ dì mú?

Jemimah rọra tú ọwọ́ mi kúrò. Ó pa gbogbo ohun tí fóònù tọ́jú rẹ́, ó tún ìkànnì náà ṣí. Ó pẹ́ kó tó jáde. Orúkọ mẹ́rìnlélógójì! Ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ wálẹ̀, ó dúró: Tahir, ilé ìwòsàn.

Èéfín ló fà símú. Ó ti wálé láti àná, ohùn rẹ̀ ha, kò sì fẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn.

Ìyàwó Fàlílù, tí òun àti Tahir jọ ń ṣiṣẹ́, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ́jọ́ náà. Jemimah pa ohun tí fóònù obìnrin náà tọ́jú rẹ́ pẹ̀lú. A ka gbogbo orúkọ náà tán. Obìnrin náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe.” A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ará ilé. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ bá wa dárúkọ Fàlílù. Wọn kò tíì rí i.

Èmi ni tìrẹ, tí ẹ̀rù ò tíì fi sílẹ̀,
Hajarat.