Àpótí Iná Tó Gba Àga Yín

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ṣé òtútù ọ̀hún ò tíì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́? Àlàáfíà la wà. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti ṣíwọ́ jíjò, ikọ́ Bàbá náà ti rọlẹ̀ díẹ̀.

Àpótí iná oníbátìrì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, pé ká máa lò tíná bá lọ, ti dé. Òṣìṣẹ́ èbúté ní bátìrì rẹ̀ ti tóbi jù, kò fẹ́ jẹ́ kí n gbé e, mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ títí mo fi sú u. Ó ní, "Gbé e, kó o sì gbé ara ẹ náà lọ!"

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ rèé: Màmá ò jẹ́ ká lò ó. Wọ́n gbé e sórí àga yín ní pálọ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kí i, "Ọmọ mi, ṣó o sùn dáadáa?" Tíná bá lọ, tí ẹ̀rọ tí Bàbá fi ń fa oògùn símú bá kú, wọ́n á ní, "Ẹ má lo ẹrù ọmọ mi gbó kó tó dé o."

Bàbá fèsì lánàá pé, "Èmi tí mò ń gbó lọ yìí ńkọ́?"

Mo fẹ́ fi tipátipá gbé e, bàtà Màmá ló bà mí lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá lò ó. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín: àfi kẹ́ ẹ wá jókòó sórí àga yín fúnra yín.

Ọlọ́run á la ọ̀nà yín wálé. Ẹ má tún fi ẹrù mìíràn ṣíwájú o. Àga kan ló kù, èmi ni mo sì wà lórí rẹ̀.

Àbúrò yín olóríkunkun.