Àtẹ́wọ́ fún Ebiere

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àpápá ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, àwọn tírélà ṣì ń sùn sójú títì, èmi náà ṣì ń ṣe tíṣà ní Ajégúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ta ni mo tún fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ní sáà yìí, ilé ìwé wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, kí wọ́n máa kẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Èmi tí mo kàwé lórí rẹ̀ ni wọ́n fà wọ́n lé lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ mí, mo ń yan fanda kiri. Ebiere ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá, ọmọbìnrin ará Bàyẹ́lsà kan tó ń fi ọ̀pá méjì rìn, tórí rẹ̀ sì pé dáadáa.

Kí ni mo ṣe? Bó bá rìn dé iwájú pátákó, mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bó bá gba sọ́ọ̀mù, àtẹ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí n ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ bó bá sín. Nígbà tí àlejò wá, mo ní kó rìn lọ, kó rìn bọ̀, kí wọ́n lè rí i. Láti ọjọ́ kejì ni kò ti wá mọ́.

Mo lọ sílé wọn. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà kí mi, ó wò mí lójú.

“Àǹtí, Wàsíù náà gba sọ́ọ̀mù ẹ̀. Why you no tell dem make dem clap for am?”

Ẹ̀yin ni mo rántí. Lẹ́yìn tí ẹrù já lé yín lẹ́sẹ̀ ní èbúté Kirikírì, gbogbo ìjọ máa ń pàtẹ́wọ́ bí ẹ bá ti ń gun àtẹ̀gùn pẹpẹ lọ kọrin. Ẹ ò tẹ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó jókòó sí yàrá, ẹ ó máa kun bàtà, ẹ ó máa dá kọrin. A ní ìgbàgbọ́ yín ti tutù. Kí ló dé tí mi ò bi yín? Ṣé ẹ bá ti sọ fún mi? Ojú ń tì mí, Bàbá.

Mo bẹ Ebiere níwájú ìyá rẹ̀, láìwo ti ọjọ́ orí. Ó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ó ṣe sọ́ọ̀mù, kò gbà á. Mo fi bírò pupa fàgi lé e, mo ní kó tún un ṣe. Ó fajú ro, ó bá mi jiyàn, a fa ọ̀rọ̀ náà títí aago oúnjẹ fi lù.

Ẹ̀yin náà fẹ́ràn iyàn jíjà ju oúnjẹ lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yín ti ṣẹ́, kò sẹ́ni tó bá yín jiyàn mọ́ nílé wa, bó ti wù kí ẹ ṣì í sọ tó. A kàn ń rẹ́rìn-ín sí yín ni.

Ẹ dárí jì mí.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín tí kò sì mọ bí a ṣe ń fi hàn.